Yìnyín Lábẹ́ Agbádá Mi

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ń bẹ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ tí mo rántí rẹ̀, ṣe ni n ó kàn dìde, n ó rìn yí ilé ká, n ó tún padà wá jókòó. Ìyàwó mi á ní, "Ó tún ti dé nìyẹn." Ó mọ ohun tó ń ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, bóyá ara mi á lélẹ̀.

Owó náírà ò tíì pẹ́ tó dé nígbà náà. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, bẹ́kìrì mi ò sì jìnnà sí gáréèjì. Ẹni tó bá ti ṣe búrẹ́dì rí á mọ̀ pé ẹnu ààrò wa kì í ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Iwájú ibẹ̀ ni mo ń dúró láti ìdájí títí oòrùn á fi kan àtàrí, tí mò ń fi pátákó gígùn ki búrẹ́dì bọ ààrò, tí mo tún ń fi í wọ́ ọ jáde. Iwájú ṣòkòtò mi a máa gbóná débi pé bí mo bá fọwọ́ kàn án, kíá ni n ó yọwọ́. Mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Iṣẹ́ ni, àbí?

Rẹ̀mílẹ́kún ni ìyàwó mi, ọmọ Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ onígbàgbọ́. Ìyá mi tó jẹ́ Mùsùlùmí paraku kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí Rẹ̀mí ṣe ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, inú rẹ̀ rọ̀. Inú tó rọ̀ yẹn tún le padà nígbà tó di ọdún kẹrin tí ọmọ ò dé. Ní àdúgbò wa, bí ọmọ ò bá dé, ẹnikẹ́ni kì í bi ọkùnrin ní nǹkan kan. Ikùn ìyàwó ni gbogbo wọn ń wò. Bí Rẹ̀mí bá kọ oúnjẹ lálẹ́, wọ́n á fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀, "Àbí ó ti dé?" Bó bá di ọjọ́ kejì tó sì jẹ iyán, ojú wọn á tún le.

Ẹnì kan ṣoṣo ló pè mí sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ń ta bàtà ní Ọjà Ọba, Bàbá Oníbàtà la sì ń pè é. Òun ni olórí ẹbí látìgbà tí bàbá mi ti kú. "Ara rẹ ló tutù," ló wí. "Ọkùnrin tí ara rẹ̀ bá tutù kò lè bímọ. Máa jókòó sínú omi gbígbóná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi tí ò ń wò yìí, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ."

Ó yẹ kí n bi í pé, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ọmọ mélòó lẹ bí?" Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ ra bàsíà ńlá. Bí mo ṣe ń kúrò níwájú ààrò ni mò ń bọ́ sínú omi gbígbóná nìyẹn, bí mo bá sì ti kúrò nínú omi gbígbóná, ó di iwájú ààrò. Ká ní ẹran ni mí, mo ti jinná tipẹ́.

Rẹ̀mí ò dúró dè mí. Ó lọ sí ọsibítù kan ní Iléṣà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá. Mo ní búrẹ́dì mi ń bẹ nínú ààrò. Oṣù kan gbáko ni búrẹ́dì yẹn fi wà nínú ààrò. Nígbà tí mi ò rí àwáwí mìíràn wí mọ́, mo wọ mọ́tò, mo lọ. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe sínú ìgò kékeré kan níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́, àgbàlagbà ni mí báyìí.

Dókítà náà ò dàgbà tó mi. Ó wo ìwé, ó wò mí. "Ọ̀gá, àtọ̀ yín kéré níye, èyí tó sì wà níbẹ̀ ń rìn bí ẹni tó ti rẹ̀. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Búrẹ́dì ni, sà."

"Ẹnu ààrò yẹn, ibo ló bá yín lára?"

Mo fọwọ́ hàn án. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí bí mo ṣe ń wẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn omi gbígbóná àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ó fọwọ́ bo ẹnu, mo sì rí i pé ẹ̀rín ló ń pa á.

"Ẹ wò ó, ọ̀gá," ó ní, "Ọlọ́run fi ọkàn sínú, ó fi ẹ̀dọ̀ sínú, ó fi ìfun sínú. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìta ló gbé kórópọ̀n kọ́ sí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Kò fẹ́ ooru ni. Ooru ń pa àtọ̀. Ẹ jáde kúrò nínú omi gbígbóná láti òní lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa dúró sẹ́nu ààrò. Ẹ wọ ṣòkòtò tó fẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jáwọ́. Ọmọ tí a fẹ́ kó le láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, kì í ṣe ara ìyá nìkan là ń tọ́jú dè é, ara bàbá náà ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà wá."

Gbogbo ohun tó wí nìyẹn. Kò dárúkọ yìnyín o. Orí èmi fúnra mi ni yìnyín ti wá.

Nígbà tí mo délé, Rẹ̀mí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ojú rẹ̀ ló ń béèrè. Ìtìjú bò mí. Mo rò ó pé oṣù mẹ́ta péré ni, kí n yára tún ara mi ṣe, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo bá ní, "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní ká máa gbàdúrà."

Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin ò ní nǹkan kan, èmi náà ò ní nǹkan kan. Ta wá ló ni ín?"

Mo ní kó bá mi bu omi mu.

Látọjọ́ náà, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo gba ẹni tó ń dúró sẹ́nu ààrò, mo rán ṣòkòtò tó fẹ̀ bí àpò, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé kò tó. Bí ooru bá ń pa á, ṣé òtútù kọ́ ni yóò jí i? Ọgbọ́n orí mi nìyẹn. Mo gbé omi tútù sínú bàsíà sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, mo ń yọ́ lọ jókòó sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fi ohùn líle pè mí. Mo ta gìrì, mo fò dìde, ẹsẹ̀ mi yọ̀, ìdí mi tó tutù rinrin bá balẹ̀ sínú ìyẹ̀fun. Kí n tó ṣírò búrẹ́dì fún obìnrin náà tán, ìyẹ̀fun ti ń le mọ́ mi nídìí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kó mi sínú páànù.

Ìgbà tí bàsíà dójú tì mí ni mo yíjú sí yìnyín. Ìyá Ẹlẹ́ja, obìnrin kan tó ń ta ẹja òkú Èkó àti ṣáwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́kìrì mi, a máa ní yìnyín nínú páálí ẹja rẹ̀. Mo ń tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń fi yìnyín ẹja ṣe ná?"

"Mo fi ń mú omi mímu tutù ni."

"Omi tó ń rùn bí ẹja lẹ ń mu?"

"Adùn rẹ̀ nìyẹn," ni mo wí.

Mo ń wé yìnyín náà sínú aṣọ àpò ìyẹ̀fun, mo ń so ó mọ́ ìsàlẹ̀ bíi bàǹtẹ́. Ìrìn mi wá dà bíi tọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlà abẹ́ fún. Àwọn awakọ̀ gáréèjì ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n rò pé ìpá ló mú mi. Ìyẹn ò tilẹ̀ dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé Rẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn ẹja lára ṣòkòtò mi. Ó mọ ibi tí ẹja wà. Ó ti rí èmi àti Ìyá Ẹlẹ́ja tí à ń rẹ́rìn-ín. Kò bá mi jà. Ó kàn ń fọ ṣòkòtò náà, ó ń sá a, kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí mo ṣe wà: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ tí ara obìnrin náà ó fi balẹ̀, ẹnu mi ò sì gbà á.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí ìyá mi fi ní òun ti rí ọmọbìnrin kan fún mi ní Òṣogbo níbí, ọmọ ẹlẹ́sìn wa. Ó ní kí ẹbí jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìwàrà pé kí bàbá àti ìyá Rẹ̀mí wá, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n wá mú ọmọ wọn lọ ni. Oṣù méjì ti pé nínú oṣù mẹ́ta tí dókítà dá. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi láti sọ òótọ́, n ó béèrè ohun tí wọ́n sè, n ó yà lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun, mo yà sí bẹ́kìrì. Mo ní ìpàdé yìí lè pẹ́, kí n má pàdánù òtútù ọ̀sán. Ìyá Ẹlẹ́ja ṣẹ̀ṣẹ̀ tú páálí tuntun ni, ó fún mi ní òkúta yìnyín kan tó tóbi ju orí mi lọ. Ó yẹ kí n fọ́ ọ. Ìkánjú ò jẹ́. Mo wé e, mo so ó, mo da agbádá lé e, mo lọ.

Bàbá Oníbàtà wà lórí àga. Ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lórí ẹní. Bàbá àti ìyá Rẹ̀mí wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Rẹ̀mí jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó tẹ orí ba. Wọ́n fi mí sí àárín. Bàbá Oníbàtà tún ohùn ṣe. "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́," ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ò lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Ó ń sọ ọ́ lọ, èmi ò gbọ́ mọ́. Yìnyín ń jó mi bí iná. Lẹ́yìn náà, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìsàlẹ̀. Mo sún sọ́tùn-ún, mo sún sósì, mo gbé ìdí kan, mo gbé èkejì.

"Kí ló ń ṣe ọ́ tí o ń ta bí ejò?" Bàbá Oníbàtà bi mí.

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí omi náà. Ó ń ṣàn látabẹ́ agbádá mi, ó ti dé orí ẹní. "Yéè! Ọmọ mi ti tọ̀ sára! Wọ́n ti ṣe é! Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti fi nǹkan ṣe ọmọ mi!"

Bàbá Rẹ̀mí dìde fùú. "Ta ló fi nǹkan ṣe ta ni?"

Ilé dàrú. Bàbá Oníbàtà bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó di etí agbádá mi mú, ó fà á sókè. Ibi tí mo ti ń jà láti fà á padà ni okùn ti já. Òkúta yìnyín náà já bọ́ sílẹ̀, gbì! Ó sì là sí méjì. Ṣáwá kan wà nínú rẹ̀, ó la ojú kalẹ̀, ó ń wò mí.

Àbúrò ìyá mi fọwọ́ lérí. "Súbúhánàlláhì! Ọkùnrin bí ẹja!"

Rẹ̀mí nìkan ni kò pariwo. Ó wo ẹja náà, ó wò mí. "Yìnyín Ìyá Ẹlẹ́ja nìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo ti rí i."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi ò pé ogún ọdún, oṣù méjì ni. Mo rí Rẹ̀mí tó ń na ọwọ́ sí ìborùn rẹ̀, mo mọ̀ pé tó bá fi lè jáde báyìí, ó tán. Mo kígbe, "Èmi ni!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Èmi ni. Rẹ̀mí ò ní nǹkan kan. Dókítà ní ara tèmi ni ò dá. Ó ní iná ààrò àti omi gbígbóná tí mò ń jókòó sí ló fà á, ó ní kí n jẹ́ kí ara mi tutù. Mo parọ́ fún un. Mo parọ́ fún gbogbo yín. Mi ò fẹ́ obìnrin kankan, Ìyá Ẹlẹ́ja ò mọ nǹkan kan, yìnyín lásán ni mo ń tọrọ."

Nígbà tí mo dárúkọ omi gbígbóná, ọwọ́ Bàbá Oníbàtà jábọ́ lára agbádá mi. Mo rò pé ó ti parí, mo tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti mọ̀?" Rẹ̀mí bi mí.

"Oṣù méjì."

"Oṣù méjì tí ìyá yín fi ń bú mi lójú yín." Ó da ìborùn lé èjìká. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó sì lọ. Ẹnikẹ́ni ò lé e. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ, èmi sì dúró sínú omi ẹja láàárín ilé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti wà ní Ìwàrà kí ìrì tó gbẹ. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí láti orí dé ìsàlẹ̀, ó tún wo ìsàlẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín bá sọ ọ́ lulẹ̀. "Ọmọ mi, wọlé. O gbé ẹja bọ̀?" Ojú tì mí ju ti àná lọ. Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ sọ, mo tún un sọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Rẹ̀mí jáde wá. "Mi ò bínú pé ara yín ò dá. Àìsàn ò mọ olówó, kò mọ tálákà. Irọ́ yẹn ló dùn mí. Gbogbo ẹni tó ti fojú wo ikùn mi, tó pòṣé, ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ lánàá. Bẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ tán, mo ń bọ̀ nílé."

Ẹ gbà mí! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn. Mo ń kan ilẹ̀kùn bí agbowó orí: "Ẹ kú ilé o. Mo wá sọ fún yín pé èmi ni." Àwọn kan sunkún, àwọn kan fi mí ṣẹ̀sín, obìnrin kan fún mi ní àgbo, mo ní rárá o. Ìyá Ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ẹja rẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó sunkún, ó wé gèlè, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìwàrà fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó ti ń kúnlẹ̀ fún un láti ọdún mẹ́rin, ó sì mú un bọ̀ wálé. Ọmọ dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin ni, ó le kankan, igbe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ má sọ pé yìnyín ló ṣe é o. Nígbà tí mo padà lọ, dókítà ní ká ní mo ń so ó lọ ni, n bá fi òtútù ba ara mi jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo kàn sí kẹ́yìn nínú ìrìn ọjọ́ mẹ́rin yẹn, òun ni mi ò lè gbàgbé. Bàbá Oníbàtà ni. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba. Kí n tó la ẹnu, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Omi gbígbóná yẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ṣé dókítà sọ pé ó burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó wí bẹ́ẹ̀, sà."

Ó gbé bàtà kan, ó ń fi aṣọ nù ún, bẹ́ẹ̀ bàtà tuntun ni. "Àwẹ̀ró ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Wọn ò tíì bí ọ nígbà náà. Ọdún mẹ́fà, kò lóyún. Mo lé e. Ó lọ fẹ́ ọkọ ní Ìrágbìjí, ó bí ọmọ mẹ́rin." Ó nu bàtà náà títí. "Wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, mo ń sọ pé orí tirẹ̀ ló ṣí níbẹ̀."

Ó ní kí n sin òun lọ, a sì jọ wọ mọ́tò Ìrágbìjí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Arúgbó obìnrin kan jáde sí wa, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dá Bàbá mọ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí i. Bàbá Oníbàtà, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ nílé wa, dúró gbagidi.

"Àwẹ̀ró, èmi ni."

Obìnrin náà tún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n dáadáa. "Mo mọ̀, bàbá. Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi ni mo ti mọ̀. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun."

A jẹun, a wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo. Mò ń rò ó pé díẹ̀ ló kù kí tèmi àti Rẹ̀mí náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sì ń sọ fún gbogbo ọkùnrin tó bá ní ìyàwó òun ò bímọ nìyí: ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ fún àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì mú òótọ́ bọ̀ wálé. Ojú tì mí tán, ó sì sàn fún mi ju kí n dàgbà kí n tó lọ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ tí ìyàwó mi tún fẹ́. Bí àwọn ọmọ mi bá ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà n ó dìde, n ó rìn yí ilé ká.